Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Jẹ́ Ká Wá Eré Tí Kọ̀ǹpútà Wa Lè Gbé

 

Kí n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ tó bàjẹ́ ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, èmi ni mo wà nídìí rẹ̀. Mo ti sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, mo sì ti jẹ ìyà mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó kù kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi, àwọn kan sì ń pe orúkọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni o.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a lọ sílé fún ìsinmi àárín tẹ́ẹ̀mù, mo ra fíláàsì kan lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Eré bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń dán, tí òógùn ń ṣàn lára wọn. Ẹni tó tà á ní odindi géèmù ni, pé wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, pé mi ò ní san kọ́bọ̀ mìíràn lórí rẹ̀. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ Sátidé tí a padà dé, mo yọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà, mo ki fíláàsì bọ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Eré náà kò tilẹ̀ ṣí. Fáànù inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han, ojú rẹ̀ dúró gbagidi, mo sì yára pa á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo fáìlì ẹgbẹ́ wa ti di àwòrán kéékèèké tó ní ọfà lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n títí, wọn kò ní ṣí.

Ẹ rántí ohun tó wà níbẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí a kó jọ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wa nígbà ìsinmi. Ìwé ìròyìn wa ti tẹ́ẹ̀mù yẹn tí ó ku díẹ̀ kó jáde. Àti ohùn ìyá àgbà ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ọ̀fà, tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ki oríkì ilé wọn sínú fóònù ọmọ náà. Ẹni tí wọ́n pè wá tún kọ̀ǹpútà náà ṣe nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì fi Windows mìíràn sí i. Ó parí.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa fáìlì rẹ́, ńṣe ló máa ń fi í pamọ́. Àṣẹ kékeré kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ attrib, òun ni wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó mú fáìlì tó pamọ́ jáde. Bí ẹnì kan nínú wa bá mọ̀ ọ́n, bóyá àwọn àlọ́ wa ì bá ṣì wà. Kòkòrò náà fi wọ́n pamọ́, àwa fúnra wa la pa wọ́n rẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

ÌWÉ ARA ILẸ̀KÙN

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà pé a kò gbọdọ̀ gbá géèmù kankan níbẹ̀ mọ́. Mi ò dá ẹni tó lẹ̀ ẹ́ lẹ́bi. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, ohun tí n óò ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ká má parọ́ fún ara wa: géèmù kò kúrò nílé ìwé yìí, inú họ́sìtẹ̀lì ló sá wọ̀. Fíláàsì ń ti abẹ́ ìrọ̀rí kan bọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí kejì, títí di ọjọ́ tí ọmọ kan yóò fi mú un lọ sí ara láptọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ nílé. Ọmọ ìyá fíláàsì tí mo rà yẹn sì ni gbogbo wọn. Ohun tí à ń sá fún ṣì wà láàárín wa, ibi tí olùkọ́ kò ti lè rí i ló wà.

Èrò mi nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun méjì ló kó wa sí wàhálà. Èkíní, a kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí wọ́n fi tọrẹ àti ohun tí wọ́n jí. Èkejì, à ń tijú ẹ̀rọ tí a ní, a sì ń fẹ́ kó gbé ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Bí a bá kọ́ ohun méjèèjì yìí, a ó rí eré ọ̀fẹ́ tó dára, tí kọ̀ǹpútà wa lè gbé, tí kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Bí a kò bá kọ́ wọn, ìwé ogún ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún ṣẹlẹ̀.

TÒKUNBỌ̀ NI Ẹ̀RỌ WA

Ẹ wo àwọn kọ̀ǹpútà wa. RAM 2GB, àyè ìpamọ́ 160GB, Windows 7. Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ìyẹn ni pé bí ihò bá lu ara rẹ̀ lónìí, kò sí káfíńtà tó ń bọ̀ wá dí i. Ẹ wá wo àwọn géèmù ńlá tòde òní. Òmíràn wà tó jẹ́ pé òun nìkan ń gba ju 100GB lọ, tó ń béèrè RAM 8GB tàbí 16GB, tó tún ń béèrè káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Kí a fi irú ìyẹn sórí ẹ̀rọ wa, bí ẹni di ẹrù tírélà lé orí kẹ̀kẹ́ NAPEP ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tijú. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò Ìgbò ní Onitsha yìí, tí kò sì sí ẹgbẹ́ Yorùbá tó kọ́ wọn: tòkunbọ̀. Ohun tó ti òkè òkun bọ̀. Àwọn mìíràn níbí máa ń pè é ní Belgium. Mọ́tò tòkunbọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa kọjá afárá Odò Ọya wá sílé ìwé. Fíríìjì tòkunbọ̀ ló ń mú omi tútù nílé wa. Kò sí ẹni tó ń pe mọ́tò tòkunbọ̀ ní pàǹtí, níwọ̀n ìgbà tó bá ti gbé e dé ibi tó ń lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan là ń bú?

Onitsha gan-an mọ iyì ohun kékeré. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 títí di ìgbà ogun abẹ́lé, wọ́n ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ ní ìlú yìí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kéékèèké, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti oníṣòwò. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní ọdún 1956. Bébà ìwé wọ̀nyẹn kò nípọn, àṣìtẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Obiechina kọ odindi ìwé lé wọn lórí. Owó pọ́ọ́kú kò sọ wọ́n di ohun yẹpẹrẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó kọ́ ìtẹ́ tó bá ara rẹ̀ mu kò ṣe nǹkan ìtìjú.

Ọ̀FẸ́ KÒ RÍ BÁKAN NÁÀ

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yìí ló tàn mí jẹ. Nígbà tí mo fara balẹ̀, mo rí i pé oríṣi mẹ́rin ló wà.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀fẹ́ ìdẹ. Èyí ló pọ̀ jù lórí fóònù. Wọn kò ní gba owó nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi tó dùn, wọn yóò ní kí ẹ ra kọ́ìnì, kí ẹ ra ẹ̀mí, kí ẹ wo ìpolówó ọjà. Dátà yín ń jó lọ, ẹ̀yin rò pé ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì ni ọ̀fẹ́ olè. Òun ni mo rà ní tèmi. Ẹni tó ṣe géèmù náà ń tà á, ẹlòmíràn wá já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ ilé onílé, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti ki nǹkan tirẹ̀ bọ inú rẹ̀? Yàtọ̀ sí ti kòkòrò, olè ni, bó ti wù ká pè é. Àwa tí à ń bínú bí hóòsì kejì bá jí orin wa lò nígbà ìdíje àṣà, ó yẹ kó yé wa.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀fẹ́ àfitọrẹ. Oní-nǹkan fúnra rẹ̀ ló ní ẹ máa mú un lọ. Ọkùnrin ará Japan kan, Daisuke Amaya, fi nǹkan bí ọdún márùn-ún kọ géèmù kan tó ń jẹ́ Cave Story. Òun nìkan ló ṣe é, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀: òun ló kọ ìtàn rẹ̀, òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ orin rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Géèmù náà kò wúwo ju orin kan tí ẹ ń gbà sórí fóònù lọ, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá wa tí kò lè gbé e. Ẹ ṣọ́ra o: èyí tuntun tó ń jẹ́ Cave Story+, títà ni. Ti ọdún 2004 ni ọ̀fẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀fẹ́ àjọni, òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ṣe é kò fi géèmù nìkan tọrẹ, wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí àlọ́ ṣe rí: kò sí ẹni tó ni ín, gbogbo wa la sì ni ín.

ÀWỌN TÍ MO DÁN WÒ

Mo fi gbogbo ìsinmi tó kọjá dán àwọn eré àjọni wò lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi. RAM tirẹ̀ náà jẹ́ 2GB, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi. Ohun tí mo rí nìyí.

Freeciv: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Aarhus ní Denmark ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1996. Ẹ ó tẹ ìlú dó, ẹ ó kọ́ odi, ẹ ó wá ìmọ̀, ẹ ó bá aládùúgbò ṣe àdéhùn tàbí kí ẹ bá a jagun. Ó kàn mí, ó kàn ọ́ ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà ẹ̀rọ kò nílò eré sísá. Ìgbà tí ẹ bá ronú tán ló ń ṣí ẹsẹ̀.

OpenTTD: iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Ẹ ó la títì, ẹ ó tẹ́ ojú irin, ẹ ó gbé èrò àti èédú, ẹ ó sì máa ṣírò èrè. Láti ọdún 2010 ni ó ti ní àwòrán ọ̀fẹ́ tirẹ̀, tí kò béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ ra géèmù àtijọ́ tí wọ́n wò ṣe é. Ọmọ tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń wọ́ pọ̀ ní Upper Iweka yóò gbádùn rẹ̀ gan-an, nítorí ohun tí yóò kọ́kọ́ dá sílẹ̀ nínú eré náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Freedoom: ní ọdún 1993 ni géèmù Doom jáde, nígbà tí RAM 4MB ń tó kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1997, àwọn tó ṣe é ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì wá ya àwòrán tuntun sí i kí gbogbo rẹ̀ lè di ọ̀fẹ́. Ìyẹn ni Freedoom. Ẹ̀rọ wa ń gbé e fẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn yínyìn pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kó wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ohun tó bá fúyẹ́ ló yẹ wá.

Stockfish: ẹ̀rọ tó ń ta chess ni. Àwọn mẹ́ta láti Norway, Ítálì àti Finland ló wà nídìí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2008. Àwọn ọ̀gá chess àgbáyé ń lò ó, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè jókòó sórí tòkunbọ̀ wa láìsí wàhálà.

Tux Typing: ó ń kọ́ ọwọ́ ní títẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ ń já bọ́ láti òkè, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ó gbà wá láyè láti fi àkójọ ọ̀rọ̀ tiwa sí i. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ṣé ẹ rí ibi tí mò ń lọ? Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀, ká wo bí yóò ṣe rí.

Kí n sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. 0 A.D. àti SuperTuxKart, ọ̀fẹ́ àjọni ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwòrán wọn wúwo fún irú ẹ̀rọ tí a ní. Wọ́n ń fà tìkọ̀ lórí ti ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi sú mi. Pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní kó fúyẹ́.

Kí ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ṣe géèmù. Ní ọdún 2012, Hugo Obi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń ṣe eré kéékèèké nípa ìgbé ayé wa, bíi Okada Ride. Ní ọdún yẹn kan náà ni Abiola Olaniran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, tí ó ń ṣe géèmù fún fóònù. Ẹni tó ń gbá géèmù lónìí lè di ẹni tó ń ṣe é lọ́la, bó bá jẹ́ irú èyí tí a lè ṣí wò nínú ló ń gbá.

ẸNU KÒ NÍ ṢAÌ KÙN

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò sọ pé, "WAEC ń bọ̀, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ géèmù." Òótọ́ ni, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Géèmù ń jẹ àkókò. Ní ìsinmi yẹn gan-an, mo jókòó ti Freeciv títí oúnjẹ mi fi tutù, ìyá mi sì gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kó wà ní gbangba, níbi tí aago wà, tí olùkọ́ wà, dípò abẹ́ ìrọ̀rí. Àkókò tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ló ń ṣòfò jù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi náà yóò sọ tiwọn: "Àwòrán géèmù yẹn kò dára. Ti ayé àtijọ́ ni." Ẹ gbọ́ ná. Ta ló ti béèrè àwòrán lọ́wọ́ ayò? Ihò 12, ọmọ ayò 48, igi kan tí wọ́n gbẹ́. Bí kò bá sí igi, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀. Síbẹ̀ àgbà méjì lè jókòó tì í láti ọ̀sán títí di àṣálẹ́, tí àwọn tó ń wòran yóò máa pariwo ọ̀ta àti òpè lé wọn lórí. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fẹ́ mọ òpin eré awari, tó jẹ́ ìbátan ayò wa. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ tí ọpọlọ wọn jẹ́ 144, wọ́n fi nǹkan bíi wákàtí 51 ṣírò ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà jókòó, ó sì ju bílíọ̀nù 889 lọ. Kí ni àbájáde rẹ̀? Bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni.

Eré tó lè wà nínú ihò erùpẹ̀ ló fún odindi àgbájọ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹ má wá sọ fún mi pé RAM ló ń mú eré dùn.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mo ti kọ ìbéèrè márùn-ún tí ó yẹ ká bi géèmù kí ó tó wọlé. Bí ó bá kùnà ọ̀kan, kó dúró síta.

1. Ta ló ṣe ọ́? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ́ tọrẹ?

2. Níbo la ti gbà ọ́? Orí ojú ìwé àwọn tó ṣe é gan-an ló yẹ ká ti gbà á. Kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kì í sì ṣe ní ibi tí bọ́tìnì "Download" mẹ́fà ti ń kọ mànà lójú kan náà, tó jẹ́ pé márùn-ún nínú wọn irọ́ ni.

3. Kí lo ń béèrè? RAM mélòó, àyè mélòó, 32-bit ni àbí 64-bit? Láti mọ tiwa, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máúsì lórí Computer, ẹ yan Properties, iye RAM àti bóyá 32-bit ni àbí 64-bit yóò jáde. Ẹ fi wé ara wọn kí ẹ tó fi dátà ẹnikẹ́ni ṣòfò.

4. Ṣé o lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ilé ìwé la wà o.

5. Ṣé a lè dá ọ dúró níbi tó bá wù wá, ká fi ọ́ pamọ́, ká padà wá? Eré tí kò jẹ́ kí èèyàn dìde nígbà tí aago bá lù, ọ̀tá ẹni tó ń gbé họ́sìtẹ̀lì ni.

Mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún wákàtí kan péré ní ọ̀sán Sátidé, lójú olùkọ́ kan. Ẹni tí kò bá parí iṣẹ́ ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì jẹ́ alábòójútó, kí wọ́n kọ́kọ́ dán géèmù kọ̀ọ̀kan wò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí kò sí fáìlì pàtàkì lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki fíláàsì tirẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbà, èmi ni kí wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ó máa yẹ àpò rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní bínú.

Kí a sì má fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sí ojú kan mọ́ láé. Ibi mẹ́ta ni kó máa wà: lórí kọ̀ǹpútà, lórí fíláàsì kan tí olùkọ́ wa ń tọ́jú, àti lórí bébà. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í jẹ bébà.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni n ó fi parí rẹ̀. Mo bẹ ọmọ ẹgbẹ́ wa náà pé kó bá mi fi fóònù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé oríkì ṣì wà lẹ́nu àwọn, pé bí ọmọ ọmọ wọn bá dé ní ìsinmi, àwọn yóò tún un kì. Wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n èyí tí mo kì lọ́jọ́ yẹn, ó ti lọ nìyẹn o. Èyí tí n ó kì báyìí, òmíràn ni."

Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Lára àwọn àlọ́ náà, ogún péré la tíì rí kó jọ padà. Bí ẹ bá rántí èyí tí ẹ mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ mú un wá sípàdé Ọjọ́bọ̀. Èmi ni n ó tẹ̀ wọ́n. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Tux Typing kọ́ ọwọ́ mi kó lè yá.



Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan, SS2